Bí A Ṣe Ń Ya Àwòrán Tí Ó Fẹ̀ Ju Ojú Ẹ̀rọ Lọ

Ẹni tí ó bá dúró ní ìgboro Ìkẹ́rẹ́ tí ó sì ń wo òkè Olósùnta, yóò ní láti yí ọrùn kí ó tó rí àpáta náà tán pẹ̀lú àwọn ilé tí ó wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ ayàwòrán kò ní ọrùn. Bí a bá fẹ́ fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé nípa ilẹ̀ wọn, ó yẹ kí a mọ ọgbọ́n mẹ́ta tí a fi ń yà á.

Èkínní ni ti ẹ̀rọ tí ojú rẹ̀ nìkan ń yí. Ní 1899 ni ilé-iṣẹ́ Eastman Kodak ti Amẹ́ríkà gbé èyí tí a ń pè ní Panoram jáde. Fíìmù inú rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ; ojú ẹ̀rọ a sì máa lọ láti apá kan dé èkejì bí ẹni ń gbálẹ̀.

Èkejì ni Cirkut, tí William J. Johnston gba ìwé-àṣẹ rẹ̀ ní 1904. Gbogbo ẹ̀rọ yìí ni ó ń yí lórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, fíìmù rẹ̀ sì ń rìn bí ó ti ń yí. Òun ni wọ́n fi ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọ́n á tò wọ́n yí ẹ̀rọ ká bí ìlàjì òbíríkítí, kí gbogbo wọn lè jìnnà sí i bákan náà. Nínú àwòrán, wọ́n á dàbí ẹni tí ó tò gbọọrọ. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá lè sáré gba ẹ̀yìn, kí ó sì hàn ní ìpẹ̀kun méjèèjì!

Ẹ̀kẹta ni kí a fi ẹ̀rọ lásán ya àwòrán mélòó kan, kí a sì so wọ́n pọ̀. Ìdá kan nínú mẹ́ta àwòrán kọ̀ọ̀kan ni kí ó tún hàn nínú èyí tí ó tẹ̀lé e. Dígí ojú ẹ̀rọ ni kí ó wà lókè ibi tí ẹ̀rọ ti ń yí, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. Láti dán an wò, ẹ ri ọ̀pá méjì mọ́lẹ̀, ọ̀kan nítòsí, ọ̀kan lókèèrè, kí ti iwájú bo ti ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá yà kúrò lára ara wọn nígbà tí ẹ yí ẹ̀rọ, ẹ sún un síwájú tàbí sẹ́yìn títí wọn kò fi ní yà mọ́.

Bí a kò bá ṣe èyí, ilé kan lè di méjì, òmíràn a sì sọnù. Fóònù òde òní ń so àwòrán pọ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà a máa ṣe bẹ́ẹ̀ bí a bá na apá tí a sì ń yí gbogbo ara. Ọmọdé a máa gba ohun tí olùkọ́ fi hàn án gbọ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fi àwọn ilé inú àwòrán wé ti orí ilẹ̀, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a tó gbé e kọ́ sára ògiri kíláàsì.