Erect (ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì)

Erect jẹ́ ọ̀rọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ sí gbígbé nǹkan nàró kí ó lè dúró ṣánṣán. Inú èdè Látìnì ni ó ti wá: erigere ni ọ̀rọ̀-ìṣe náà, erectus sì ni ohun tí a ti gbé nàró.

Gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-àpèjúwe, ó ń tọ́ka sí ẹni tàbí ohun tí kò tẹ̀. Ìtumọ̀ yìí ni ó wà nínú orúkọ Homo erectus, ẹ̀yà ènìyàn àtijọ́ tí Eugène Dubois rí egungun orí rẹ̀ ní Trinil, ní erékùṣù Java, ní ọdún 1891. Egungun itan tí ó rí níbẹ̀ ní ọdún kejì ni ó mú un gbà pé ẹ̀dá náà ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn lóòró.

Gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe, kì í ṣe gbogbo ohun tí a ṣe sórí ilẹ̀ ni ó bá erect mu. A lè lò ó fún ilé, odi, òpó, ère àti àgọ́, ṣùgbọ́n a kò lè lò ó fún ọ̀nà ọkọ̀ tàbí kànga, nítorí wọn kò dìde dúró. Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún gbogbo ìlò yìí. Ilé ni a ń kọ́, àgọ́ ni a ń pa, pẹpẹ ni a ń tẹ́, òpó ni a sì ń rì mọ́lẹ̀. Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn ní Ilé-Ifẹ̀, òkúta tí ó ga tó nǹkan bíi mítà 5.5, a gbé e nàró ni; kò sí ẹni tí yóò sọ pé wọ́n kọ́ ọ. Ohun tí a ń gbé dúró ni olùtumọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò.

Nínú òfin, àṣìtúmọ̀ lè ná ènìyàn lówó. Ìlànà ìkọ́lé ilẹ̀ England ti ọdún 2015 lo ọ̀rọ̀ yìí fún ọgbà àti odi pẹ̀lú: ní gbogbogbòò, èyí tí ó bá ga ju mítà 2 lọ, tàbí mítà 1 ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ọkọ̀, gbọ́dọ̀ gba àṣẹ. Ẹni tí ó bá túmọ̀ erect sí kíkọ́lé nìkan lè rò pé òfin náà kò kan òun, nítorí pákó lásán ni òun fi sọgbà.

Ọ̀rọ̀-orúkọ rẹ̀, erection, tọ̀nà fún ilé àti òpó, ó sì wọ́pọ̀ nínú ìwé òfin àti ti àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n òun náà ni a ń lò fún líle nǹkan ọmọkùnrin, èyí sì ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn àwọn tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì lóde òní. Nínú àròkọ, ó sàn kí akẹ́kọ̀ọ́ lo construction, bí kò bá fẹ́ kí kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.