Ilẹ̀kùn Yàrá Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Abẹ: Bí Obìnrin Ṣe Di Dókítà ní Edinburgh Lẹ́yìn Ayé Àwọn Ajíòkúgbé

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Edinburgh, olú-ìlú Skọ́tlándì, wà lára àwọn ìlú tí òkìkí wọn kàn jù lọ ní ilẹ̀ Yúróòpù nípa ìmọ̀ ìṣègùn, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá síbẹ̀ láti kọ́ iṣẹ́ abẹ, ìyẹn iṣẹ́ dókítà tí ń fi abẹ la ara aláìsàn láti yọ ohun tí ń dà á láàmú. Ní àkókò yìí kan náà, ọ̀dọ́mọbìnrin tí a bí sí ìdílé ọlọ́lá lè kọ́ èdè Faransé, orin àti iṣẹ́ abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n kò sí yunifásítì kan ní gbogbo Bìrìtéènì tí yóò gbà á wọlé. Owó bàbá rẹ̀ lè gba ẹ̀ṣọ́ tí yóò máa ṣọ́ ibojì rẹ̀ bí ó bá kú, kí olè má baà gbé òkú rẹ̀ tà, ṣùgbọ́n owó náà kò lè ṣí ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀kọ́ fún un nígbà tí ó wà láàyè. Ó yẹ kí a ka ìtàn àwọn òkú tí wọ́n jí gbé àti ìtàn àwọn obìnrin tí wọ́n tì sóde pọ̀, nítorí pé inú yàrá kan náà ni ìtàn méjèèjì ti pàdé.

Yàrá náà ni ibi tí wọ́n ti ń kọ́ nípa ẹ̀yà ara, níbi tí olùkọ́ ti ń la òkú ènìyàn, tí ó sì ń fi ọ̀nà iṣan, egungun àti ìfun han àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kò sí ohun mìíràn tí ó lè rọ́pò ẹ̀kọ́ yìí, nítorí pé títí di ọdún 1846, nígbà tí wọ́n lo oògùn ether ní gbangba ní ìlú Boston, àti ọdún 1847, nígbà tí James Young Simpson bẹ̀rẹ̀ sí í lo chloroform ní Edinburgh, ojú aláìsàn máa ń là kedere nígbà tí wọ́n bá ń gé ẹsẹ̀ rẹ̀ tàbí tí wọ́n ń yọ òkúta inú àpò ìtọ̀ rẹ̀. Dókítà tí kò bá yára lè fi ìrora àti ẹ̀jẹ̀ pa ẹni tí ó fẹ́ wò sàn, ẹni tí kò bá sì tíì mọ inú òkú dáadáa kò lè yára nínú ara alààyè.

Òkú tí òfin fi àyè gbà kò tó nǹkan rárá. Ní ọdún 1506, Ọba James Kẹrin fọwọ́ sí i pé kí ẹgbẹ́ àwọn onígbàjámọ̀ àti oníṣẹ́ abẹ ní Edinburgh, tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo nígbà náà, máa gba òkú ọ̀daràn kan lọ́dún lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa á. Ìwọ̀n yìí lè tó fún ìwọ̀nba ènìyàn, ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi máa di ọdún 1828, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń tẹ́tí sí olùkọ́ kan ṣoṣo, Robert Knox, tí yàrá ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà ní Surgeons' Square, ti ju 400 lọ. Olùkọ́ tí kò bá rí òkú gbé kalẹ̀ kò ní rí akẹ́kọ̀ọ́, ẹni tí kò bá sì rí akẹ́kọ̀ọ́ kò ní rí owó, nítorí náà àwọn olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ra òkú láìbéèrè ibi tí ó ti wá.

Bí àwọn ajíòkúgbé ṣe rí iṣẹ́ nìyẹn. Ìgbà òtútù ni wọ́n máa ń ṣiṣẹ́ jù, nítorí pé òtútù kì í jẹ́ kí òkú tètè jẹrà. Apá ibi tí orí òkú wà nìkan ni wọ́n máa ń gbẹ́, wọn yóò fọ́ ìdérí pósí, wọn yóò fi okùn fa òkú jáde, wọn yóò sì dá aṣọ ìsìnkú padà sínú ihò. Ìdí tí wọ́n fi ń dá aṣọ padà ni pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kò ka òkú sí ohun-ìní ẹnikẹ́ni, nítorí náà ẹni tí ó gbé òkú lọ kò jalè lójú òfin, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mú aṣọ òkú ti jalè. Òfin fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Ní Skọ́tlándì, títú ibojì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin, síbẹ̀ àwọn ará ìlú kò gbẹ́kẹ̀ lé òfin náà. Àwọn olówó ra àgò irin ńláńlá bo ibojì wọn, irú èyí tí ó ṣì wà ní ilẹ̀ ìsìnkú Greyfriars títí di òní, àwọn ìjọ mìíràn sì kọ́ ilé ìṣọ́ sí àárín ibojì. Tálákà tí kò ní ju ilẹ̀ lásán lọ ni òkú rẹ̀ máa ń dé orí tábìlì olùkọ́.

Láàárín àkókò yìí, ẹnì kan tí a bí ní obìnrin ti wọ yàrá náà, ó sì ti jáde níbẹ̀ láìsí ẹni tí ó mọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1789 ni wọ́n bí Margaret Anne Bulkley ní ìlú Cork ní Írẹ́lándì, àmọ́ nígbà tí ó fi dé Edinburgh ní ọdún 1809, aṣọ ọkùnrin ni ó wọ̀, James Barry, tí í ṣe orúkọ arákùnrin ìyá rẹ̀ tí ó jẹ́ ayàwòrán, ni ó sì ń jẹ́. Nígbà tí àwọn aláṣẹ yunifásítì rí i pé ó jọ ọmọdé, tí wọn kò fẹ́ kí ó ṣe ìdánwò àṣekágbá, ìjòyè kan tí í ṣe Earl ti Buchan bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì fún un ní oyè dókítà ní ọdún 1812. Barry di dókítà ológun, ó sì fi abẹ gba ẹ̀bí aboyún kan ní ìlú Cape Town ní ọdún 1826, tí ìyá àti ọmọ yè, ohun tí ó ṣọ̀wọ́n gidigidi láyé ìgbà náà. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní ọdún 1865 ni ẹni tí ó tọ́jú òkú rẹ̀ sọ pé ara obìnrin ni. Ìjòyè lè ran ọ̀dọ́ kan lọ́wọ́ láti borí ẹ̀sùn pé ó kéré, ṣùgbọ́n kò sí ìjòyè tí ó lè bá a borí ẹ̀sùn pé ó jẹ́ obìnrin, ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó sì kù ni kí ó fi orúkọ àti ìwà ìbí rẹ̀ pamọ́ títí ayé.

Kí òfin tó yí padà, ọ̀rọ̀ náà kọjá jíjí òkú, ó di ìpànìyàn. Ní ọdún 1828, William Burke àti William Hare pa ènìyàn 16 ní Edinburgh, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ aláìní, obìnrin tí kò ní alátìlẹ́yìn àti àlejò tí kò ní ẹbí nítòsí, wọ́n sì ta òkú wọn fún Knox ní iye tí ó tó pọ́n-ùn 10 nígbà òtútù. Hare jẹ́rìí ta ko ẹnìkejì rẹ̀, ó sì bọ́; wọ́n yẹgi fún Burke ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 1829, wọ́n la òkú rẹ̀ níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, egungun rẹ̀ sì wà ní yunifásítì náà títí di òní. Lẹ́yìn irú ìpànìyàn bẹ́ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1831, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin ọdún 1832, tí ó fún àwọn olùkọ́ tí ó ní ìwé àṣẹ láyè láti gba òkú àwọn tí ó kú sí ilé ìwòsàn àti ilé ìtọ́jú aláìní bí ẹbí kò bá wá gbà wọ́n. Òfin yìí pa òwò ajíòkúgbé run, ó sì yẹ fún ìyìn nípa bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò mú ẹrù náà kúrò lórí tálákà: àìní, tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ni ó wá sọ ènìyàn di ẹni tí wọn yóò là láìgba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀.

Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ obìnrin pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó ṣí. Ní ọdún 1869, Sophia Jex-Blake àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí gbogbo wọn di méje, wọ yunifásítì Edinburgh láti kọ́ ìṣègùn lójú gbogbo ayé. Ọ̀kan nínú wọn, Edith Pechey, mókè nínú ìdánwò kẹ́místrì, ṣùgbọ́n ọkùnrin ni wọ́n gbé ẹ̀bùn náà fún. Àwọn alátakò wọn sọ pé kò bójú mu kí obìnrin máa wo òkú pẹ̀lú ọkùnrin. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1870, tí àwọn obìnrin náà fẹ́ ṣe ìdánwò lórí ẹ̀kọ́ ẹ̀yà ara, èrò dí ọ̀nà gbọ̀ngàn àwọn oníṣẹ́ abẹ, Surgeons' Hall, mọ́ wọn, wọ́n ju ẹrẹ̀ lù wọ́n, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Àwọn obìnrin náà wọlé, wọ́n sì ṣe ìdánwò. Ní ọdún 1873, ilé-ẹjọ́ dájọ́ pé yunifásítì lè kọ̀ láti fún wọn ní oyè, àmọ́ òfin ọdún 1876 gba àwọn ẹgbẹ́ oníṣègùn láyè láti fún obìnrin ní ìwé àṣẹ, Dublin sì ni Jex-Blake ti gba tirẹ̀ ní ọdún 1877. Ọdún 1894 ni Edinburgh tó gbà kí obìnrin gboyè nínú ìṣègùn, nígbà tí ó sì di ọdún 2019, ó fún àwọn méje náà ní oyè lẹ́yìn ikú wọn.

Ilẹ̀kùn tí wọ́n fi ìyà ṣí yìí ni Agnes Yewande Savage gbà wọlé. Bàbá rẹ̀, Richard Akinwande Savage, jẹ́ dókítà láti Èkó tí òun náà kẹ́kọ̀ọ́ ní Edinburgh. Ní ọdún 1929, ọmọbìnrin náà gboyè níbẹ̀, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó di dókítà ìṣègùn òyìnbó. Ní ọdún 1938, Elizabeth Abimbola Awoliyi gboyè ní Dublin, òun ni ó sì kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà láàárín àwọn obìnrin. Gbogbo aláìsàn tí ó ń dìde lórí ibùsùn lónìí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ń jẹ èrè ìmọ̀ tí àwọn tálákà fi òkú wọn san láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi wọ́n, àti tí àwọn obìnrin fi ọdún gígùn dúró dè lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀nà tí a lè gbà san gbèsè náà ni kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn máa gba òkú ẹni tí ó fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda ara rẹ̀ ṣáájú ikú, kí wọ́n sì máa gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé nítorí ọgbọ́n orí rẹ̀ nìkan.