Òṣùwọ̀n Alágbẹ̀dẹ àti Ojú Olùkójọ: Àlàyé Lórí Iye Owó Wúrà Àtijọ́

Láti ọdún 2009 ni wúrà ti gba ipò lọ́wọ́ òwú gẹ́gẹ́ bí olórí ọjà tí ilẹ̀ Burkina Faso ń tà sí òkè òkun. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ilé ìyọ́wúrà àkọ́kọ́ ti orílẹ̀-èdè náà. Ní oṣù kejì ọdún 2024, wọ́n dá ìwé àṣẹ dúró fún àwọn tí ń kó wúrà àwọn awakùsà kéékèèké jáde. Nígbà tí ó sì di oṣù kẹwàá ọdún 2025, iye wúrà ní ọjà àgbáyé kọjá 4,000 dọ́là fún áńsì kan, èyí tí irú rẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀ rí.

Ìròyìn ńláńlá ni ìwọ̀nyí, ẹ̀yin olùgbọ́ wa sì ti gbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kékeré kan wà lábẹ́ wọn tí ó kan agbo ilé kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí iye wúrà bá gòkè, àpótí àwọn ìyá àgbà a máa ṣí. Yálà ní Hamdalaye ni, àdúgbò Ouagadougou tí orúkọ rẹ̀ ti inú ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí a fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run wá, tàbí ní Ìbàdàn, tàbí ní Àjàṣẹ́, ó lè jẹ́ pé owó wúrà kan tàbí méjì wà nínú àpótí bẹ́ẹ̀: owó àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní sovereign, tàbí owó 20 franc ti àwọn Faransé. Àwọn ọmọ a mú un lọ sí ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà. Alágbẹ̀dẹ a gbé e sórí òṣùwọ̀n, a sì dá iye lé e. Bí olùkójọ owó àtijọ́ bá rí owó kan náà, kì í ṣe òṣùwọ̀n ni yóò kọ́kọ́ wá. Ọdún tí a kọ sí i lára ni yóò wò. Iye tí àwọn méjèèjì yóò dá lé e lè jìnnà sí ara wọn gidigidi. Ta ni ó tọ̀nà nínú wọn? Ìdáhùn ìbéèrè yìí lè sọ ogún ìdílé di púpọ̀, tàbí kí ó sọ ọ́ di kékeré.

Ìbéèrè náà ṣàjèjì sí àṣà owó tiwa. Owó ẹyọ ni àwọn baba ńlá wa ná. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000 ẹyọ, ẹnikẹ́ni tí ì báà kà á. Kò sí ẹni tí ń yẹ ẹyọ kọ̀ọ̀kan wò láti mọ ọdún tí ó ti inú òkun jáde, kò sì sí ẹyọ kan tí ó ń fi ọlá han ẹnìkejì rẹ̀. Iye kíkà ni gbogbo rẹ̀. Owó wúrà kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun mẹ́ta ni a fi ń mọ iye rẹ̀: wúrà tí ó wà nínú rẹ̀, bí irú rẹ̀ ti ṣẹ́ kù tó láyé, àti bí ara rẹ̀ ti ṣe rí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí wúrà. Wúrà pọ́ńbélé ni a ń pè ní kárátì 24. Ó rọ̀ ju kí a fi í ná lọ, nítorí náà ni àwọn tí ń rọ owó fi ń po bàbà díẹ̀ mọ́ ọn. Sovereign, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí rọ ní ìrísí ti òde òní ní ọdún 1817, jẹ́ kárátì 22. Ìwọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé gíráàmù 8, wúrà inú rẹ̀ sì jẹ́ gíráàmù 7.32. Owó 20 franc ti àwọn Faransé wọn gíráàmù 6.45; ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀ ni wúrà, ìyẹn gíráàmù 5.8. Bí áńsì kan bá jẹ́ 4,000 dọ́là, wúrà inú sovereign kan tó nǹkan bí 940 dọ́là, ti 20 franc sì tó nǹkan bí 745. Èyí ni ìpìlẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ìṣirò yìí kì í jẹ́ kí oníṣòwò kan ra owó rẹ̀ ní ìdajì iye rẹ̀. Níbi tí òṣùwọ̀n bá ti sọ òtítọ́, ọ̀rọ̀ alágbẹ̀dẹ tọ̀nà títí dé ibẹ̀.

Kí a má sì ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn àlejò nìkan ni owó wúrà jẹ́. Ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ó pèsè púpọ̀ nínú wúrà tí àwọn Lárúbáwá àti àwọn ará Yúróòpù fi rọ owó ní àtijọ́. Ní apá gúsù ìwọ̀-oòrùn Burkina Faso, ní ilẹ̀ àwọn Lobi, àwókù ògiri òkúta Loropéni ṣì dúró títí di òní. Àjọ UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ àwọn ohun ìní àgbáyé ní ọdún 2009, nítorí àjọṣe tí ó ní pẹ̀lú òwò wúrà tí ń la aṣálẹ̀ kọjá. Al-Bakri, òǹkọ̀wé ará Andalusia, kọ ọ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1068 pé àwọn ará Tadmekka, ìlú kan ní ilẹ̀ tí í ṣe Mali lónìí, ń ná owó wúrà pọ́ńbélé tí kò ní àmì kankan lára. Orí pípá ni wọ́n fi ń ṣe àpèjúwe owó náà. Ní ọ̀rúndún wa yìí, àwọn awalẹ̀pìtàn rí àjákù amọ̀ tí wọ́n fi ń da wúrà bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú èérún wúrà nínú rẹ̀.

Ẹ̀rí mìíràn tún wà. Ní ọdún 1663, ọba Charles Kejì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé kí a rọ owó wúrà tuntun kan. Etíkun Guinea ni púpọ̀ nínú wúrà náà ti wá, nítorí náà ni wọ́n ṣe pe owó náà ní gínì. Lára àwọn tí a fi wúrà ilé iṣẹ́ òwò Áfíríkà rọ, àwòrán erin kékeré wà lábẹ́ orí ọba. Ṣílè 20 ni ó jẹ́ nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Iye wúrà gbé e lọ sókè sódò, títí ìjọba fi dá a dúró sórí ṣílè 21 ní ọdún 1717. Àwọn àgbà tí wọ́n ná pọ́n-ùn kí Nàìjíríà tó gba náírà ní ọdún 1973 yóò rántí ìṣirò ṣílè 21 yìí. Lónìí, erin kékeré yẹn lè fi owó púpọ̀ kún iye gínì kan, bẹ́ẹ̀ ni kò fi ohun kankan kún ìwọ̀n rẹ̀. Níbí ni ọ̀nà alágbẹ̀dẹ àti ti olùkójọ ti pínyà.

Ohun kejì ni bí irú owó náà ti ṣẹ́ kù tó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí owó bá ti pẹ́ ni ó ṣe ń níye lórí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀kẹ́ àìmọye sovereign tí a rọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá ni ó ṣì wà láyé. Iye púpọ̀ nínú wọn kò ju ti wúrà inú wọn lọ tàbí kí ó fi díẹ̀ jù ú. Ṣùgbọ́n ẹ wo owó 20 dọ́là tí Amẹ́ríkà rọ ní ọdún 1933. Ẹyọ 445,500 ni wọ́n rọ. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, Ààrẹ Roosevelt pàṣẹ pé kí àwọn ará ìlú kó wúrà ọwọ́ wọn fún ìjọba. A kò jẹ́ kí owó náà jáde, a sì yọ́ wọn padà. Díẹ̀ jáde lọ́nà ẹ̀bùrú. Ọ̀kan dé ọwọ́ Farouk, ọba Íjíbítì, ní ọdún 1944, pẹ̀lú ìwé àṣẹ ìjọba Amẹ́ríkà fún mímú un jáde. Lẹ́yìn tí wọ́n lé Farouk kúrò lórí oyè ní ọdún 1952, owó náà pòórá, kò sì tún yọjú títí di ọdún 1996, nígbà tí àwọn agbófinró gbà á ní New York. Lẹ́yìn ẹjọ́ gígùn, a tà á ní gbàǹjo ní ọdún 2002 ní iye tí ó lé ní mílíọ̀nù 7 dọ́là. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, a tún tà á ní gbàǹjo: ó mú nǹkan bí mílíọ̀nù 18.9 dọ́là wá. Wúrà inú rẹ̀ kò tó áńsì kan.

Ohun kẹta ni ara owó náà, òun gan-an ni ó sì ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù láàrin àwọn olùkójọ. Bí owó bá ti ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ ni ara rẹ̀ ń jẹ. Ibi tí ó ga jù lára àwòrán ni ó ń kọ́kọ́ fọ́: irun orí ọba, èjìká jagunjagun tí ń gun ẹṣin lẹ́yìn sovereign. Ní ọdún 1949, ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ William Sheldon gbé òǹkà kan kalẹ̀ láti 1 dé 70: 1 ni owó tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ má dá mọ̀ mọ́, 70 ni èyí tí kò ní àbàwọ́n kankan. Owó bàbà ni ó tìtorí rẹ̀ ṣe òǹkà náà, ṣùgbọ́n àwọn olówó wúrà pàápàá ti gbà á lò. Láti 60 lọ sókè ni ti owó tí a kò ná rí. Láti àárín àwọn ọdún 1980 ni àwọn ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ti ń gba owó lọ́wọ́ ènìyàn láti yẹ owó rẹ̀ wò, láti fún un ní òǹkà, àti láti fi ike dì í.

A lérò pé ike yóò parí ìjà. Kò parí rẹ̀. Owó tí a kò fi agbára tẹ̀ dáadáa ní ọjọ́ tí a rọ ọ́ lè dà bí èyí tí a ti ná; owó tí a kò ná rí lè ní ọgbẹ́ lára nítorí pé òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń forí gbá ara wọn nínú àpò. Ojú ènìyàn ni ó ń ṣe ìdájọ́, ojú kì í sì í rí bákan náà lójoojúmọ́. Àwọn kan a máa yọ owó wọn kúrò nínú ike, wọ́n a tún fi ránṣẹ́, kí wọ́n lè rí òǹkà tí ó ga jù ti àkọ́kọ́ lọ. Níbi tí owó bá ti ṣọ̀wọ́n, ìyàtọ̀ òǹkà kan ṣoṣo lè sọ iye rẹ̀ di ìlọ́po. Nítorí náà ni àwọn àgbà inú iṣẹ́ náà fi ń sọ pé owó ni kí a rà, kí a má ṣe ra ike.

Àyẹ̀wò ìtàn owó náà tún wà. Ní ọdún 2020, a ta owó wúrà kan ní London tí Brutus rọ lẹ́yìn tí wọ́n pa Julius Caesar. Ó mú ju mílíọ̀nù 3 pọ́n-ùn wá. Lẹ́yìn náà ni àṣírí tú pé irọ́ ni ìtàn bí ó ti dé ọjà. Ní ọdún 2023, a dá a padà fún ilẹ̀ Gíríìsì. Wúrà rẹ̀ kò lábùlà, ara rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó rà á kò rí i mú dání.

Kí wá ni kí ìdílé kan ní Hamdalaye tàbí ní ilẹ̀ Yorùbá ṣe? Àkọ́kọ́, kí wọ́n má ṣe fọ owó náà. Ọsàn wẹ́wẹ́, ọṣẹ àti eérú tí a fi ń mú ohun ọ̀ṣọ́ dán a máa fi ojú ìlà wẹ́wẹ́ sí ara wúrà. Olùkójọ a rí i, a sì dín iye rẹ̀ kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni fífi òjé lẹ ìwọ̀ mọ́ ọn láti fi ṣe ẹ̀gbà ọrùn. Àwọn àgbà wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Èkejì, kí wọ́n di etí rẹ̀ mú, kí wọ́n ka ọdún rẹ̀, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì wọn ìbú rẹ̀: sovereign jẹ́ mìlímítà 22, 20 franc jẹ́ 21. Wúrà wúwo púpọ̀. Ayédèrú tí a fi idẹ ṣe yóò fúyẹ́, tàbí kí ó nípọn jù. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n nìkan kò tó, nítorí pé ní àwọn ọdún 1950 àwọn kan rọ ayédèrú sovereign tí wúrà inú rẹ̀ pé, torí pé owó náà níye lórí ju wúrà inú rẹ̀ lọ ní ọjà ìgbà náà. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ènìyàn méjì tí kò mọ ara wọn, kí wọ́n má sì tà á ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ dá iye lé e.

Kí a sọ òdìkejì rẹ̀ pẹ̀lú. Nínú ọgọ́rùn-ún owó wúrà tí ó ń jáde nínú àpótí, ó ṣeé ṣe kí gbogbo wọn jẹ́ èyí tí ó wọ́pọ̀. Ẹni tí ó bá kọ iye wúrà tí ó tọ́, tí ó ń retí mílíọ̀nù tí kò sí, ti fi ìrètí jẹ owó oúnjẹ àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹni tí a bá sì ta owó tí ó wọ́pọ̀ fún ní iye owó ọ̀wọ́n, nítorí pé ó wà nínú ike, ti ra ike.

Ìjà alágbẹ̀dẹ àti olùkójọ kì í ṣe èyí tí ẹnìkan yóò borí. Òṣùwọ̀n ń sọ iye tí owó náà kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ jù. Ojú olùkójọ ń wá ohun tí ó lè lé lórí rẹ̀. Ẹni tí ń ṣòfò ni ẹni tí kò mọ̀ pé ìdájọ́ méjì wà. Bí owó bá ti wọ inú iná alágbẹ̀dẹ, ọdún ara rẹ̀ yóò pa rẹ́, erin rẹ̀ yóò yọ́, kò sì sí olùkójọ kan láyé tí ó lè dá a padà. Kí iná tó jó, ẹ jẹ́ kí á ka ohun tí a kọ sí i lára.