Rọ́bà Tó Kán Sórí Bàtà: Bí Kẹ́míkà Tó Ń Lé Àbàwọ́n Ṣe Dé Inú Ẹ̀jẹ̀ Ènìyàn

Aláṣọ àlà kì í jókòó sí ìsọ̀ elépo. Gbogbo ẹni tí ọbẹ̀ ti ta sí lẹ́ẹ̀sì funfun lára níbi ìnáwó ló mọ ìdí rẹ̀. A ó da iyọ̀ sí i, a ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, a ó sá a sóòrùn, àmì náà á ṣì wà níbẹ̀. Láti ayébáyé ni àwọn ènìyàn ti ń fi ìda tàbí rọ́bà pa aṣọ lára kí omi má baà wọ̀ ọ́. Èyí tó máa lé omi àti epo pa pọ̀, tí aṣọ náà kò sì ní le gbagidi, kò sí rárá. Ọdún 1953 ni irú rẹ̀ kọ́kọ́ yọjú, ní ìlú Saint Paul, ìpínlẹ̀ Minnesota, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Àwọn tó rí i kò sì wá oògùn aṣọ lọ. Rọ́bà ni wọ́n ń ṣe.

Ó yẹ ká mọ ìtàn yìí dáadáa lónìí. Ohun tó mú kí kẹ́míkà náà dára lójú oníṣòwò ni pé kò sí ohun tó lè mú un kúrò níbi tó bá bà lé. Ohun kan náà ló sọ ọ́ di ìṣòro tí ilé ẹjọ́, àwọn dókítà àti àwọn tó ń pèsè omi ẹ̀rọ ń bá yí títí di òní.

Ogun Àgbáyé Kejì ló sọ rọ́bà di ọ̀rọ̀ ìjọba. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Japan gba Malaya àti àwọn erékùṣù tí àwọn ará Netherlands ń ṣàkóso lọ́dún 1942, nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rọ́bà tí ayé ń rí lò bọ́ sọ́wọ́ wọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì sáré padà sí igbó agbègbè Benin ní Nàìjíríà, wọ́n ní kí àwọn ará ibẹ̀ máa kọ igi rọ́bà. Ìyẹn kò lè tó. Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ kó àwọn onímọ̀ kẹ́míkà jọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun tí wọ́n yọ nínú epo rọ̀bì àti nínú ọtí ṣe rọ́bà àtọwọ́dá. Tọ́ọ̀nù 231 péré ni rọ́bà àtọwọ́dá tó wúlò fún gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n rí ṣe lọ́dún 1941. Nígbà tó fi máa di 1945, àpapọ̀ rọ́bà àtọwọ́dá tí wọ́n ń ṣe lọ́dún ti tó nǹkan bí 920,000 tọ́ọ̀nù.

Ogun parí, ọkọ̀ òfurufú jẹ́ẹ̀tì sì kó ìṣòro tirẹ̀ dé. Inú epo ni rọ́bà ọkọ̀ náà ń gbé, ìyẹn páìpù tí epo ń gbà kọjá àti àwọn òrùka tí kì í jẹ́ kó jò. Kábọ́ọ̀nù àti háídírójìn ló kún inú rọ́bà, àwọn náà ló kún inú epo, nítorí náà rọ́bà á máa mu epo. Ẹ ju ègé inú táyà àtijọ́ sínú kẹrosíìnì lálẹ́. Bí ẹ bá yọ ọ́ lọ́jọ́ kejì, ẹ ó rí i pé ó ti wú, ó sì ti rọ̀. Epo jẹ́ẹ̀tì kò sì jìnnà sí kẹrosíìnì rárá. Ohun tí a lè fojú fò lára sítóòfù kò ṣeé gbà láàyè nínú ọkọ̀ tó ń gbé ènìyàn fò lókè réré.

Ilé iṣẹ́ 3M, tó wà ní Saint Paul, gbà pé fúlórínì ló máa yanjú ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ti ra ẹ̀tọ́ ọgbọ́n kan lọ́wọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n Joseph Simons ní àwọn ọdún 1940. Wọ́n á fi kẹ́míkà sínú ásíìdì tó ní fúlórínì, wọ́n á jẹ́ kí iná mànàmáná gba inú rẹ̀ kọjá, háídírójìn á jáde, fúlórínì á sì wọlé dípò rẹ̀. Ìdè tó so kábọ́ọ̀nù mọ́ fúlórínì wà lára èyí tó le jù lọ tí àwọn onímọ̀ mọ̀. Ooru kì í tètè já a, ásíìdì kì í já a, kòkòrò inú ilẹ̀ kò sì mọ bí yóò ṣe jẹ ẹ́. Ibi ìdè yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ máa padà sí.

Obìnrin tó kọ ìdánwò ọmọkùnrin

Ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n gbé iṣẹ́ rọ́bà náà fún ni Patsy Sherman. Nígbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, wọ́n ní kó ṣe ìdánwò tí wọ́n fi ń mọ iṣẹ́ tó yẹ ọmọ. Ti àwọn ọmọbìnrin yàtọ̀ sí ti àwọn ọmọkùnrin. Èsì tirẹ̀ ni pé ìyàwó ilé ni kó lọ ṣe. Ó kọ̀ jálẹ̀, ó ní kí wọ́n fún òun ní ti àwọn ọmọkùnrin. Ìyẹn sọ pé ó lè di dókítà eyín tàbí onímọ̀ kẹ́míkà. Lọ́dún 1952 ó gboyè nínú kẹ́míkà àti ìṣirò ní Gustavus Adolphus College, 3M sì gbà á síṣẹ́ lọ́dún yẹn kan náà, bí òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀. Wọn kò rò pé obìnrin máa pẹ́ níbẹ̀.

Lọ́dún 1953, oje rọ́bà tí wọ́n ń dán wò ṣèèṣì ta sórí bàtà kánfáàsì funfun tí ọmọbìnrin kan tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ wọ̀. Oje náà kò yí àwọ̀ bàtà padà. Wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kò lọ. Wọ́n fi spírítì nù ún, wọ́n tún mú oríṣiríṣi kẹ́míkà mìíràn, gbogbo rẹ̀ kàn ń ṣù jọ lójú ibẹ̀, ó ń yí dànù ni. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, bàtà náà dọ̀tí bí bàtà iṣẹ́ ṣe ń dọ̀tí, àyàfi ojú ibi tí oje ta sí. Ibẹ̀ mọ́ tónítóní.

Ọgbọ́n Sherman àti ẹnìkejì rẹ̀, Samuel Smith, ni pé wọ́n jáwọ́ nínú bí oje náà ṣe máa kúrò lára bàtà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn bí wọ́n ṣe lè fi pa aṣọ lára láìjẹ́ pé aṣọ náà le. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ni. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dán an wò ní ilé iṣẹ́ ìhunṣọ, obìnrin kò gbọdọ̀ wọlé síbẹ̀ nígbà náà. Ìta ni Sherman dúró sí tí àwọn mìíràn fi lọ wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, tí wọ́n jáde wá sọ èsì fún un. Ó dùn mí láti kọ gbólóhùn yẹn. Lọ́dún 1956, 3M gbé ọjà náà jáde fún aṣọ onírun àgùntàn. Scotchgard ni wọ́n pè é.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ní awo nínú. Apá kan mólékù náà di fọ́nrán aṣọ mú, apá kejì tó kún fún fúlórínì kọjú síta. Omi máa ń fa ara rẹ̀ mọ́ra gan-an, ìdí nìyí tí ìda àti silikóònù fi lè lé e. Epo kò fa ara rẹ̀ mọ́ra tó bẹ́ẹ̀, kíá ló máa tàn ká ojú ìda. Ojú fúlórínì nìkan ló ṣòro fún òun náà láti tàn lé. Àti epo àti omi, kò sí èyí tó rí ibi dì mú, kí wọ́n yí dànù ló kù.

Lásìkò kan náà, ní New Orleans, Ruth Benerito àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí ìjọba ń gba òwú là. Náílọ́ọ̀nù àti pọlisítà, èyí tí Whinfield àti Dickson ṣe ní England lọ́dún 1941, ń gba ọjà mọ́ àwọn àgbẹ̀ olówùú lọ́wọ́, torí pé aṣọ wọn kì í rún. Bí aṣọ òwú bá rẹ, àwọn mólékù inú rẹ̀ máa ń yọ̀ kúrò ní ipò wọn, ibi tí wọ́n bá yọ̀ dé ni wọ́n máa gbẹ sí. Ohun tó ń mú aṣọ rún nìyẹn. Àwọn onímọ̀ wọ̀nyí lo kẹ́míkà láti so wọ́n mọ́ra, kí wọ́n lè máa padà sáyè wọn. Ṣùgbọ́n kẹ́míkà tí wọ́n fi ń gba aṣọ lọ́wọ́ rírún ń jẹ́ kí epo lẹ̀ mọ́ ọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, omi ọṣẹ kò sì ráyè wọlé. Sherman àti Smith ló tún yanjú ìyẹn. Wọ́n ṣe mólékù tó máa ń kọ ẹ̀gbẹ́ fúlórínì síta bí aṣọ bá gbẹ, tó sì máa ń yí ẹ̀gbẹ́ tó fẹ́ràn omi síta bó bá wọnú omi ìfọṣọ. Lọ́dún 1971 ni ìjọba Amẹ́ríkà fún wọn ní ìwé àṣẹ ìhùmọ̀ náà. Lójú tèmi, òun ni iṣẹ́ tó ga jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe, torí pé kò sí ẹ̀ṣèèṣì kankan nínú rẹ̀.

Rọ́bà jẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Viton, tí ilé iṣẹ́ DuPont gbé jáde lọ́dún 1957, tí òun náà ní fúlórínì nínú, ló wá gba iṣẹ́ yẹn. Ó ṣì wà nínú ẹ́ńjìnnì títí dòní.

Ẹ̀jẹ̀ tó mọ́

Scotchgard wọ kápẹ́ẹ̀tì, àga, kọ́ọ̀tì òjò àti ìjókòó mọ́tò. Àwọn ìbátan rẹ̀ wọnú bébà tí wọ́n fi ń pọ́n oúnjẹ àti ìfófò tí wọ́n fi ń pa iná ní pápákọ̀ òfurufú. Bí ọ̀pọ̀ nínú wọn bá gbó, tí apá yòókù já kúrò, ohun tó máa ṣẹ́ kù ni kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ PFOS. Ìdè kábọ́ọ̀nù àti fúlórínì kì í jẹ́ kó jẹrà.

Lọ́dún 1968, onímọ̀ kan ní Yunifásítì Rochester, Donald Taves, ṣàkíyèsí pé irú fúlórínì kan tí kò mọ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Lọ́dún 1975, òun àti Warren Guy kàn sí 3M, wọ́n béèrè bóyá Scotchgard ló fà á. Ìwé tí agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ Minnesota tú síta lẹ́yìn náà fi hàn pé ilé iṣẹ́ náà ti rí i nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ láàárín ọdún 1970 sí 1979. Wọn kò pariwo rẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, Kris Hansen, onímọ̀ kẹ́míkà ní 3M, yẹ ẹ̀jẹ̀ tí àwọn ará ìlú fi tọrẹ ní báńkì ẹ̀jẹ̀ wò, PFOS wà nínú wọn. Ó wá ẹ̀jẹ̀ tó mọ́ títí, kó lè rí ohun tí yóò fi wé e. Lára èyí tó mọ́ tó padà rí ni ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti gbà pamọ́ láti ara àwọn ọmọ ogun ìgbà ogun Korea, kí ọjà náà tó dé ọjà.

Èmi kò lè dá Sherman lẹ́bi. Ìbéèrè tí wọ́n bi í ni bóyá ohun náà máa lọ bí a bá fọ̀ ọ́, ó sì dáhùn dáadáa. Àwọn tí ìwé náà wà lórí tábìlì wọn, tí wọ́n sì ń bá títà lọ fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni ẹjọ́ náà kàn.

Lọ́jọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 2000 ni 3M kéde pé òun máa dáwọ́ PFOS dúró. Wọ́n fi mólékù kúkúrú tó ní kábọ́ọ̀nù mẹ́rin rọ́pò onímẹ́jọ inú Scotchgard. Lọ́dún 2009, àdéhùn Stockholm, tí Nàìjíríà náà wà nínú rẹ̀, fi PFOS sára kẹ́míkà tí ayé gbọ́dọ̀ dín kù. Lọ́dún 2018, 3M fi mílíọ̀nù 850 dọ́là parí ẹjọ́ pẹ̀lú Minnesota. Lọ́dún 2023, ó gbà láti san ó kéré tán bílíọ̀nù 10.3 dọ́là fún àwọn tó ń pèsè omi ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà, torí pé irú kẹ́míkà yìí ti wọnú omi. Lọ́dún 2023 kan náà, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé PFOS lè wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ, wọ́n sì sọ pé PFOA, ìbátan rẹ̀, ń fà á. Ìwádìí tún so ìdílé kẹ́míkà yìí mọ́ ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tó ga àti àjẹsára tí kì í ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ lára ọmọdé.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún ilé ìdáná. Bí a bá se omi hó, kẹ́míkà yìí kì í lọ. Álọ́ọ̀mù kì í fà á sílẹ̀. Èédú pàtàkì tí wọ́n ṣe fún sísẹ́ omi, tàbí ẹ̀rọ tó ń fi agbára ti omi gba inú awọ tó tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá, ló lè mú un.

Láti ọjọ́ kìíní ọdún 2025, California àti New York kò gbà kí wọ́n ta ọ̀pọ̀ aṣọ tuntun tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi irú kẹ́míkà yìí sí. Òfin ilẹ̀ Faransé ní tirẹ̀ mú ọdún 2026. Àwọn tó ń ṣe kọ́ọ̀tì òjò ti ń padà sí ìda àti silikóònù. Omi òjò ń yí dànù lójú rẹ̀ dáadáa. Epo kò bìkítà fún un. Nítorí náà ni àwọn òfin náà fi yọ aṣọ ààbò àwọn panápaná sílẹ̀, torí pé ẹni tó fẹ́ wọnú iná kò gbọdọ̀ ní epo lára aṣọ. Èyí tó kù, kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ àti lẹ́ẹ̀sì òde, ọṣẹ àti omi gbígbóná ni wọ́n ń dá a padà fún.