Ọ̀rọ̀ Àkànpọ̀ Tí Ó Ń Tọ́ka sí Àkókò nínú Èdè Finnish

Láti ìdí ni wọ́n ti ń tú ọ̀rọ̀ àkànpọ̀ èdè Finnish, kì í ṣe láti orí. Nínú "ọjọ́ ìbí" ti Yorùbá, ọjọ́ ni olórí, òun ni ó sì ṣáájú. Ìbí jẹ́ ẹ̀yán rẹ̀. Nínú syntymäpäivä, ìbí (syntymä) ni ó ṣáájú, ọjọ́ (päivä) ni ó gbẹ̀yìn. Ẹni tí kò bá fi èyí sọ́kàn lè pe iltapäivä ní ìrọ̀lẹ́, nítorí pé ilta ni ìrọ̀lẹ́. Ọ̀sán tí ó kọjú sí ìrọ̀lẹ́ ni, bí aamupäivä kò ti jìnnà sí ìyálẹ̀ta.

Fáwẹ̀lì pàápàá ń fi ojú oríkèé hàn. Èdè Finnish, bíi Yorùbá, ní àǹkóò fáwẹ̀lì: nínú ọ̀rọ̀ ìbílẹ̀ tí kì í ṣe àkànpọ̀, a, o àti u kì í bá ä, ö àti y gbé pọ̀. Wọ́n pàdé nínú iltapäivä nítorí pé ọ̀rọ̀ méjì ni. Ohun kan náà ni ó jẹ́ kí ọ àti e pàdé nínú "akọ̀wé". Apá ìkẹyìn ni àfòmọ́ ìparí sì ń bá ṣe ànkóò: aamulla, "ní òwúrọ̀", ṣùgbọ́n iltapäivällä.

Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí olùtumọ̀ ìwé sáyẹ́ǹsì dúró tì ni vuorokausi. Vuoro ni kí nǹkan kan ẹnì kan lẹ́yìn ẹlòmíràn. Kausi ni sáà. Ọ̀sán àti òru pa pọ̀, wákàtí 24, ni àkànpọ̀ náà ń sọ. Päivä lè jẹ́ ojúmọmọ, ó sì lè jẹ́ ọjọ́ inú kàlẹ́ńdà, ṣùgbọ́n vuorokausi kò ní ìtumọ̀ méjì. Ní Utsjoki, ní ìpẹ̀kun àríwá Fínlándì, oòrùn kì í wọ̀ rárá fún ohun tí ó lé ní oṣù méjì, láti oṣù Karùn-ún wọ oṣù Keje. Ta ni yóò máa fi ilẹ̀ tí ó ń ṣú ka ọjọ́ níbẹ̀?

"Ọjọ́" ti Yorùbá ń ru ẹrù méjèèjì. Bí ìwé ìṣègùn bá ní kí aláìsàn lo oògùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, ṣé kí wọ́n jí i lóru ni? Èdè náà kò ṣàì mọ ìsúnkì: ẹ̀wádún àti ọ̀rúndún bá vuosikymmen àti vuosisata dọ́gba, ọ̀rúndún sì yàtọ̀ sí ọgọ́rùn-ún ọdún lásán, bí vuosisata ti yàtọ̀ sí sata vuotta. Ṣùgbọ́n "wákàtí mẹ́rìnlélógún" jẹ́ iye, kì í ṣe orúkọ. "Tọ̀sán-tòru" wà nílẹ̀, ó sì dùn létí, àmọ́ bí nǹkan ṣe ń ṣẹlẹ̀ ni ó ń sọ, kò ṣeé kà. Ará Fínlándì a sọ pé kolme vuorokautta, wákàtí 72 géérégé. Kò sí Yorùbá tí yóò sọ pé "tọ̀sán-tòru mẹ́ta".