Èdè wo ni àtúnṣe ọrọ̀-ajé ń sọ? Àwọn ONG àti ọ̀rọ̀ owó yíyá ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀

Àkótán

Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ipa tí àwọn ẹgbẹ́ tí kì í wá èrè ń kó nínú àtúnṣe ọrọ̀-ajé ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, láti ojú ìwòye ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ èdè. Mo gbé àwọn ọ̀rọ̀ bíi gbèsè, yá, wín, èlé àti èsúsú yẹ̀ wò. Àbá mi ni pé iṣẹ́ ògbufọ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ń ṣe jẹ́ ara àtúnṣe náà gan-an, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá yàn ló ń pinnu ohun tí ènìyàn yóò san àti ohun tó lè béèrè.

1. Ìbéèrè tó wà níwájú wa

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ẹgbẹ́ tí gbogbo ènìyàn ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ ń pè ní ONG, ohun tí ojú rí ni a sábà máa ń kà: kànga mélòó ni wọ́n gbẹ́, obìnrin mélòó ló rí owó yá lọ́wọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kì í sí nínú ìṣirò náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni èdè Faransé tàbí èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ àwọn ètò àtúnṣe ọrọ̀-ajé. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta gàrí tàbí ẹni tó ń gbin òwú, ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ wọ́n ní Yorùbá. Lọ́pọ̀ ìgbà, òṣìṣẹ́ ONG ni ẹni náà. Èmi tí mo ka gbogbo ìwé mi ní Faransé mọ bí ó ṣe ṣòro tó láti rí ọ̀rọ̀ tó bá a mu. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí iṣẹ́ náà ṣe dé ọwọ́ wọn.

2. Bí àwọn ONG ṣe wọ inú àtúnṣe náà

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn báńkì ìjọba ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ dẹnu kọlẹ̀. Owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kò sì jáde déédéé mọ́. Ní 1989, ìjọba tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú FMI àti Báńkì Àgbáyé fún ètò tí a mọ̀ sí ajustement structurel. Àpérò gbogbogbòò orílẹ̀-èdè wáyé ní oṣù Èrèlé 1990, ìṣèlú sì yí padà. Láti ìgbà náà ni àwọn ONG ti ń pọ̀ sí i, nítorí ohun méjì: àyè ti ṣí sílẹ̀ láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ìjọba sì ti fa ọwọ́ sẹ́yìn nínú àwọn iṣẹ́ kan. Ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 1994, wọ́n dín iye franc CFA kù sí ìdajì: 50 francs CFA ló ń ra franc Faransé kan tẹ́lẹ̀, ó wá di 100.

Ipa àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí kò mọ sí abúlé. Àwọn ìjọ, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti ONG ti orílẹ̀-èdè púpọ̀ para pọ̀ nínú ìpolongo Jubilee 2000, pé kí a pa gbèsè àwọn orílẹ̀-èdè tálákà rẹ́. Ní oṣù Èbìbí 1998, nǹkan bí 70 000 ènìyàn di ọwọ́ ara wọn mú yí àárín ìlú Birmingham ká nígbà tí àwọn olórí G8 ń ṣe ìpàdé níbẹ̀. Ètò ìdínkù gbèsè tí a ń pè ní PPTE ti wà láti 1996. Lẹ́yìn ìpàdé Cologne ní 1999 ni wọ́n mú un gbòòrò. Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wọ inú rẹ̀ ní 2000, ó sì dé òpin rẹ̀ ní oṣù Ẹrẹ́nà 2003.

Ètò náà ní àṣẹ kan tó kan èdè ní tààrà. Orílẹ̀-èdè tó bá ń wá ìdínkù gbèsè gbọ́dọ̀ kọ ìwé kan lórí bí yóò ṣe gbógun ti òṣì, kí àwọn ará ìlú sì lọ́wọ́ sí i. Báwo ni ẹni tí kò gbọ́ Faransé yóò ṣe lọ́wọ́ sí ìwé tí a kọ ní Faransé? Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ògbufọ̀ ti di dandan.

3. Gbèsè: ta ló jẹ ẹ́?

Faransé sọ pé orílẹ̀-èdè kan jẹ́ endetté, bí ẹni pé àìsàn ló kọ lù ú. Yorùbá kò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú èdè wa, a máa ń jẹ gbèsè ni. Ìṣe ni, ó sì ní olùṣe. Nítorí náà, nígbà tí a bá sọ ní abúlé pé "Bẹ̀nẹ̀ jẹ gbèsè", ìbéèrè tó máa ń tẹ̀lé e kò jìnnà: "Ta ló jẹ ẹ́?" Àwọn tó ń polongo nítorí gbèsè ti lo ọdún púpọ̀ láti mú kí àwọn aláṣẹ dáhùn ìbéèrè yìí. Gírámà wa ti bi í tẹ́lẹ̀.

Ìyàtọ̀ kan náà wà nínú bí a ṣe ń sọ pé gbèsè ti kúrò. Bí a bá sọ pé a "dárí gbèsè jì" wọ́n, ohùn ìjọ ló wà nínú rẹ̀: ẹni tó jẹ gbèsè ti ṣẹ̀, ẹni tó yá a lówó ṣàánú rẹ̀. Bí a bá sọ pé a "pa gbèsè rẹ́", a kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Faransé náà ní remise àti annulation. Òṣìṣẹ́ ONG tó bá yan ọ̀kan ti gba ẹjọ́ ẹnì kan rò, bí kò tilẹ̀ mọ̀.

4. Yá àti wín

Àwọn ìwé atúmọ̀-èdè àtijọ́ ya yá sọ́tọ̀ kúrò lára wín. Ẹni tó yá ọkọ́ tàbí aṣọ yóò dá ohun náà gan-an padà. Ẹni tó wín iyọ̀ tàbí owó yóò ná an, yóò sì fi irú rẹ̀ rọ́pò. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ lónìí, yá ti gba ipò méjèèjì.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe yìí kò sọ ibi tí owó ń gbà lọ. "Mo yá owó lọ́wọ́ rẹ̀" àti "mo yá a lówó" lo yá kan náà. Àwọn ọ̀rọ̀ tó yí i ká ló ń fi ẹni tó jẹ gbèsè hàn. Gbólóhùn bíi "ẹgbẹ́ yóò yá owó" lè túmọ̀ sí pé ẹgbẹ́ ni yóò fún àwọn ará rẹ̀ lówó, tàbí pé ẹgbẹ́ ni yóò lọ jẹ gbèsè níbòmíràn. Nínú ìwé àdéhùn, èyí kì í ṣe ọ̀ràn kékeré.

Àwọn kan máa ń sá fún ìṣòro yìí nípa pípe owó náà ní "ìrànlọ́wọ́". Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí, ṣùgbọ́n ó léwu. A kì í san ìrànlọ́wọ́ padà, ọpẹ́ ni a ń dá. Bí ọjọ́ sísan bá wá dé, obìnrin tó gba owó náà yóò dà bí ọ̀dàlẹ̀ lójú ẹgbẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún un ló tẹ̀ lé.

5. Èlé: 9 000 francs nínú ọ̀rọ̀ kan

Èlé ni ohun tó lé lórí owó. Ọ̀nà méjì ni a lè gbà ṣírò rẹ̀, Yorùbá ojoojúmọ́ kì í sì í yà wọ́n sọ́tọ̀. Ká ní ìyá kan yá 100 000 francs, tí yóò san 10 000 padà lóṣooṣù fún oṣù mẹ́wàá, pẹ̀lú èlé 2% lóṣù.

Bí èlé bá dúró lórí odidi owó tó kọ́kọ́ gbà, yóò san 2 000 lóṣooṣù. Lápapọ̀, ó di 20 000 francs. Bí ó bá jẹ́ pé orí ìyókù gbèsè ni a ti ń ṣírò, ohun tí Faransé ń pè ní dégressif, yóò san 2 000 lóṣù kìíní, 1 800 lóṣù kejì, títí dé 200 lóṣù tó kẹ́yìn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 11 000 francs. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ 9 000. Síbẹ̀, bí òṣìṣẹ́ bá sọ pé "èlé rẹ̀ jẹ́ francs méjì lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù", kò purọ́ nínú méjèèjì.

A lè ya wọ́n sọ́tọ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀: "èlé orí odidi" àti "èlé orí ìyókù". Àwọn àgbà yóò tètè lóye irú ti àkọ́kọ́ bí a bá rán wọn létí ìwọ̀fà. Iṣẹ́ ìwọ̀fà dúró fún èlé nìkan. Bó ti wù kí ó ṣiṣẹ́ pẹ́ tó, gbèsè gan-an kò dín kù títí a ó fi san án. Nínú èlé orí odidi, gbèsè ń dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n èlé kò mọ̀ pé ó ń dín kù.

6. Èsúsú: ohun tó ti wà nílé

Kò yẹ kí a rò pé àwọn ONG ló kọ́ wa ní fífi owó pamọ́. William Bascom kọ àpilẹ̀kọ lórí èsúsú gẹ́gẹ́ bí ètò owó yíyá àwọn Yorùbá ní 1952, orúkọ náà sì ti rékọjá òkun: wọ́n ń dá susu ní Trinidad títí di òní. Nínú èsúsú, gbogbo wa ń dá iye kan náà, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń kó o nígbà tó bá kàn án. Kò sí èlé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí àìsàn bá dé bá kí ó tó kàn án kò ní ohun tó lè ṣe ju ẹ̀bẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ ni ìmọ̀ tuntun ti wúlò. Ní 1991, ẹgbẹ́ CARE bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní agbègbè Maradi, ní Niger, tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ Mata Masu Dubara, ìyẹn ni "àwọn obìnrin ọlọ́gbọ́n" ní èdè Haúsá. Owó àwọn obìnrin náà fúnra wọn ló wà nínú àpótí. Ẹni tó bá fẹ́ lè yá nínú rẹ̀, àwọn fúnra wọn ló ń fohùn ṣọ̀kan lórí èlé, wọ́n sì ń pín gbogbo rẹ̀ nígbà tí àkókò bá pé. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Mo gbà pé orúkọ yẹn ràn án lọ́wọ́: kò pe àwọn obìnrin náà ní tálákà tó ń gba àánú, èdè ilé ni wọ́n sì fi sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

7. Ìparí

Àwọn ONG kò lè rọ́pò ìjọba. Wọn kò dìbò yàn wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń jíhìn fún ẹni tó fún wọn lówó ju fún ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí a fi iṣẹ́ ògbufọ̀ sílẹ̀ fún àwọn nìkan. Ohun mẹ́ta wà tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ bíi tiwa lè ṣe: kí a kó àwọn ọ̀rọ̀ owó jọ láti Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́, pẹ̀lú ìyàtọ̀ ẹ̀ka-èdè wọn, kí a dán àwọn ìwé àdéhùn wò lọ́dọ̀ àwọn tí yóò tọwọ́ bọ̀ wọ́n, kí a sì kọ wọ́n ní àkọtọ́ tí àwọn ènìyàn kọ́, nítorí pé ẹni tó kàwé pẹ̀lú álífábẹ́ẹ̀tì èdè orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ń retí "ɛgbɛ́" níbi tí ìwé láti Nàìjíríà ti kọ "ẹgbẹ́".

Òwe wa kan sọ pé ẹni tó yá owó tí kò san án ti bẹ́gi dí ọ̀nà òmíràn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò ṣàlàyé àdéhùn fún ní èdè tó gbọ́ ńkọ́? Ẹni tó kọ ìwé àdéhùn náà ló bẹ́gi dí ọ̀nà tirẹ̀.