Ìlù Òru àti Ìwé Ilẹ̀: Ààbò Ẹ̀mí àti Dúkìá ní Abúlé Jáfà

Bí a bá dárúkọ ààbò ìlú, ọlọ́pàá ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn, pẹ̀lú aṣọ ìjọba lọ́rùn rẹ̀ àti kóńdó lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àlejò tí ó bá sùn mọ́jú ní abúlé kan ní erékùṣù Jáfà, ní orílẹ̀-èdè Indonéṣíà, lè ṣàìrí ọlọ́pàá kankan láti ìrọ̀lẹ́ títí di òwúrọ̀. Ohun tí yóò gbọ́ láàrin òru ni ìró igi: ẹyọ kan, lẹ́yìn náà ọ̀pọ̀ léraléra, lẹ́yìn náà ẹyọ kan. Kò sí ará ilé tí yóò ta gìrì nítorí rẹ̀. Ńṣe ni olúkúlùkù yóò yí ẹ̀gbẹ́ padà lórí ibùsùn rẹ̀, nítorí ìró náà ń sọ fún un pé àwọn aládùúgbò rẹ̀ kan wà lójúfò, àti pé àlàáfíà ni. Bí àwọn ará abúlé wọ̀nyí ti ń ṣọ́ ẹ̀mí àti dúkìá ara wọn, àti ibi tí agbára ìṣọ́ náà pin sí, ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí.

Erékùṣù tí ó wà ní Indonéṣíà lé ní 17,000, àwọn ènìyàn ibẹ̀ sì lé ní 270 mílíọ̀nù. Ju ìdajì wọn lọ ni ó ń gbé ní Jáfà nìkan, bẹ́ẹ̀ ni Jáfà kọ́ ni ó tóbi jù nínú àwọn erékùṣù náà. Nítorí ìdí èyí, ilẹ̀ ṣọ̀wọ́n níbẹ̀ púpọ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbẹ̀ ni oko wọn kò tó ìdajì hẹ́kítà kan, èyí tí ó kéré sí pápá bọ́ọ̀lù. Ohun ìní àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀: ilé kan, oko ìrẹsì kan, ọgbà ẹ̀yìnkùlé tí igi àgbọn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà nínú rẹ̀, màlúù kan tàbí méjì, ewúrẹ́, adìyẹ, àti alùpùpù ní ayé òde òní. Bí olè bá fa màlúù kan ṣoṣo lọ lóru, kì í ṣe ẹran nìkan ni ó jí. Owó ilé ìwé ọmọ, owó ìgbéyàwó àti owó oògùn ni ó fà lọ.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣe ìṣọ́ òru tí wọ́n ń pè ní ronda. Àwọn ọkùnrin abúlé a pín ara wọn sí ọ̀wọ́, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan a sì ní òru tirẹ̀. Wọn a pàdé ní àgọ́ kékeré kan lẹ́bàá ọ̀nà, wọn a mu kọfí, wọn a ta káàdì, wọn a sì sọ ọ̀rọ̀ abúlé. Nígbà tí ó bá yá, wọn a mú àtùpà, wọn a sì yí abúlé ká. Ní ọ̀pọ̀ abúlé, ilé kọ̀ọ̀kan a máa fi agolo kékeré kọ́ sí iwájú ilé, pẹ̀lú ìwọ̀nba ìrẹsì tí ìka lè bù nínú rẹ̀. Jimpitan ni wọ́n ń pe ìrẹsì yìí. Àwọn olùṣọ́ a kó o jọ bí wọ́n ti ń lọ. Owó tí a bá rí lórí rẹ̀ a di owó àpapọ̀, fún àtúnṣe ọ̀nà, fún aláìsàn tàbí fún ìsìnkú. Lónìí, owó ẹyọ ni ọ̀pọ̀ fi rọ́pò ìrẹsì. Ọgbọ́n mìíràn sì wà nínú àṣà náà. Bí onílé bá jí ní òwúrọ̀ tí ó sì bá ìrẹsì rẹ̀ nínú agolo, ó mọ̀ pé àwọn olùṣọ́ kò dé ẹnu ọ̀nà òun. Àwọn olùṣọ́ ń ṣọ́ ilé, agolo sì ń ṣọ́ àwọn olùṣọ́.

Ohun èlò tí ó ṣe pàtàkì jù nínú àgọ́ náà ni kentongan. Ìtì ọparun tàbí igi ni, tí a gbẹ́ inú rẹ̀, tí a sì la ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́ sí i lára. Ọ̀pá ni a fi ń lù ú. Ìlù yìí kì í ṣe ti ijó. Ọ̀rọ̀ ni ó ń sọ. Ní ọ̀pọ̀ abúlé Jáfà, bí a bá ń lù ú ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, a ti pa ènìyàn; bí ó bá jẹ́ méjì méjì, olè ti wọlé; mẹ́ta mẹ́ta, iná ń jó; mẹ́rin mẹ́rin, omíyalé tàbí àjálù bẹ́ẹ̀ ti dé; márùn-ún márùn-ún, olè ti kó ẹran ọ̀sìn. Abúlé tí ó wà nítòsí a gba ìró náà, a sì fi ránṣẹ́ síwájú, títí ọ̀nà yóò fi dí mọ́ olè. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ní ẹsẹ̀ òkè Merapi, òkè ayọnáyèéfín tí ó wà ní àárín gbùngbùn erékùṣù náà, ìlù yìí kan náà wà lára ohun tí a fi ń kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n sá. Nígbà tí òkè náà bú ní ìparí 2010, ó pa ènìyàn tí ó lé ní 300, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún mìíràn sì sá fi ilé sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ojú tí ń ṣọ́ olè lè ṣọ́ onílé pẹ̀lú. Àwọn ọmọ ogun Japan gba Jáfà lọ́wọ́ àwọn ará Hólándì ní 1942. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n ti pín àwọn ènìyàn sí agbo ilé, bí ilé mẹ́wàá sí ogún ní agbo kan, kí wọ́n lè máa rí iṣẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n sì lè máa mọ ohun tí olúkúlùkù ń ṣe. Ogun parí ní 1945, ṣùgbọ́n ètò náà kò kú. Láti inú rẹ̀ ni rukun tetangga ti jáde, ẹgbẹ́ aládùúgbò tí wọ́n ń gé kúrú sí RT, tí ó wà títí di òní. Olórí RT ni ó mọ ẹni tí a bí, ẹni tí ó kú àti ẹni tí ó ṣí lọ. Pátákó kan wọ́pọ̀ ní ẹnu ọ̀nà àdúgbò tí ó pàṣẹ pé kí àlejò wá fi ara rẹ̀ hàn láàrin wákàtí 24. Lábẹ́ ìjọba Soeharto, tí ó fi ipò ààrẹ sílẹ̀ ní May 1998, ìṣọ́ abúlé di apá kan ètò ààbò ìjọba. Olè nìkan kọ́ ni a ń ṣọ́ mọ́. A ń ṣọ́ ẹni tí ìjọba kò fẹ́ràn pẹ̀lú.

Àwọn baba wa ní bí ikú ilé kò bá pani, ti òde kò lè pani. Lẹ́yìn tí a pa àwọn ọ̀gágun mẹ́fà ní Jakarta ní òru tí ó mọ́ ọjọ́ kìn-ín-ní October 1965, àwọn ológun di ẹ̀bi náà ru ẹgbẹ́ òṣèlú Kọ́múníìsì. Láàrin àwọn oṣù tí ó tẹ̀lé e, ènìyàn tí ọ̀pọ̀ òpìtàn ṣírò pé kò dín ní 500,000 ni a pa, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní àwọn abúlé Jáfà àti Bali. Lọ́pọ̀ ìgbà, aládùúgbò ni ó tọ́ka sí ilé aládùúgbò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní 1998, ní agbègbè Banyuwangi ní ìlà-oòrùn Jáfà, wọ́n pa ènìyàn bí ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a fi ẹ̀sùn oṣó kàn láìsí ìdájọ́ ilé ẹjọ́ kankan. Àgọ́ ìṣọ́ kò lè gba ẹnikẹ́ni là bí ìbẹ̀rù bá ti gba ọkàn àwọn tí ó jókòó sínú rẹ̀.

Olè mìíràn sì wà tí kì í wá lóru. Ọ̀sán gangan ni ó ń wá, pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, kentongan kò sì lè lé e. Ní ayé àwọn ará Hólándì, ìjọba kọ orúkọ àwọn àgbẹ̀ sínú ìwé owó orí ilẹ̀. Ìwé tí ó ti ibẹ̀ wá, tí wọ́n ń pè ní girik tàbí petok, fi hàn pé àgbẹ̀ ń san owó ilẹ̀. Kò fi hàn pé òun ni ó ni ín. Lójú ará abúlé, ìyàtọ̀ kò sí nínú méjèèjì. Lójú òfin, ìyàtọ̀ ńlá ni. Òfin ilẹ̀ tí Indonéṣíà ṣe ní 24 September 1960 pàṣẹ pé kí a forúkọ gbogbo ilẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà falẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ohun tí ó lè dé bá ẹni tí kò ní alágbàwí hàn gbangba ní Kedung Ombo, ní àárín gbùngbùn Jáfà. Ìjọba sé odò níbẹ̀ pẹ̀lú owó tí ó yá lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé, kí omi lè dé àwọn oko ìrẹsì. Ní 1989 omi bẹ̀rẹ̀ sí í bo àwọn abúlé, ìdílé tí ó lé ní 5,000 ni ó sì pàdánù ilé tàbí oko. Ọ̀pọ̀ kọ owó gbà-má-bínú tí a fi lọ̀ wọ́n, nítorí ó kéré jọjọ. Ìdílé 34 gbé ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ, a sì dá wọn láre ní 1993. Ṣùgbọ́n ní 1994 ilé ẹjọ́ kan náà yí ìdájọ́ rẹ̀ padà. Ẹ kíyè sí i pé àìní ìwé nìkan kọ́ ni ó fa èyí. Ìwé kò lágbára ju ilé ẹjọ́ tí yóò kà á lọ.

Síbẹ̀, ẹni tí ó ní ìwé sàn ju ẹni tí kò ní lọ. Ìṣirò ìjọba ni pé ilẹ̀ tí ó yẹ kí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ tó ẹyọ 126 mílíọ̀nù, bí 46 mílíọ̀nù péré ni ó sì ní ìwé ẹ̀rí ní 2015. Nítorí náà ni ìjọba Ààrẹ Joko Widodo fi rán àwọn awọnlẹ̀ wọ inú àwọn abúlé, abúlé kan tẹ̀lé òmíràn, dípò kí wọ́n dúró de àgbẹ̀ ní ọ́fíìsì. Ní 2021, ìjọba tún fún àwọn tí ó di girik mú ní ọdún márùn-ún láti forúkọ ilẹ̀ wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ìwé àtijọ́ náà kò ní jẹ́ ẹ̀rí níní mọ́. Bí a ti ń ṣe ìwọ̀n náà yẹ ní kíkíyèsí. Onílẹ̀ a ri òpó mọ́ igun ilẹ̀ rẹ̀, àwọn tí ó bá a pààlà a dúró tì í, wọn a sì jẹ́rìí pé ibẹ̀ ni ààlà wà. Láìsí ohùn aládùúgbò, ìwé ìjọba kò lè dúró dáadáa.

Lónìí, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ abúlé ti lọ wá iṣẹ́ ní Jakarta, ní Surabaya àti ní òkè òkun. Ní ibòmíràn, ẹni tí kò lè wá ṣọ́ a san owó dípò ara rẹ̀, àgọ́ ìṣọ́ mìíràn sì ti ṣófo. Ẹni tí ó bá rò pé owó tàbí ẹ̀rọ lè rọ́pò ohun tí ó ń lọ yìí, kí ó rántí agolo ìrẹsì. Kì í ṣe ìrẹsì ni ó ń ṣọ́ abúlé. Ẹni tí ó rìn dé ẹnu ọ̀nà láti bù ú ni. Àwọn ará abúlé lè ṣọ́ òru fún ara wọn, ṣùgbọ́n ìjọba tí ó bá fẹ́ kí wọ́n sùn ní àlàáfíà gbọ́dọ̀ bá wọn ṣọ́ ọ̀sán, pẹ̀lú ìwé tí kò purọ́ àti ilé ẹjọ́ tí kì í wo ojú ẹnikẹ́ni.